Títún Ìtàn Ṣe: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìgbésí-ayé Ọ̀gágun Ojú Omi Kan

Àwọn baba wa a máa wí pé: agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Nígbà tí ìjà bá wà nílẹ̀ ni a sábà máa ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n ó bá àwọn tí ń kọ ìtàn wí pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìgbésí-ayé ẹlòmíràn sínú ìwé, tí ó sì gbọ́ ti ẹnu ẹnì kan ṣoṣo, onítọ̀hún ti dá ẹjọ́ kí ó tó gbọ́ ẹjọ́ tán. Ìbáà tilẹ̀ jẹ́ ẹnu ẹni tí ó ni ìtàn gan-an ni ó ti gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ náà kò yí padà. Nítorí kò sí ẹni tí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí ìpàkọ́ ara rẹ̀.

Nínú àròkọ yìí a fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò nípa ìtàn ọ̀gágun ojú omi kan, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Henry John Leeke. A kò yàn án nítorí pé òun ni ó lókìkí jù nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. A yàn án nítorí pé ọmọ Yorùbá kan wà nínú ọkọ̀ ẹrú tí a gbà nítòsí Èkó nígbà ayé rẹ̀, ọmọ náà sì dàgbà, ó kọ́ ìwé, ó sì kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ọmọ náà ni Samuel Àjàyí Crowther. Kò wọ́pọ̀ kí ìtàn ọ̀gágun kan ní irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀.

I. Ọ̀dọ́mọkùnrin Tí Ó Kọ̀wé sí Àwọn Ọ̀gágun

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan bí àádọ́sàn-án ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ William Richard O'Byrne. Ọdún 1823 ni a bí i. Kì í ṣe ọmọ ogun ojú omi, síbẹ̀ ó gbé iṣẹ́ kan karí tí àwọn àgbà inú iṣẹ́ ogun kò tí ì ṣe irú rẹ̀. Ó fẹ́ kọ ìtàn gbogbo ọ̀gágun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà láàyè nígbà náà, láti orí ẹni tí ipò rẹ̀ ga jù lọ títí dé orí àwọn tí wọ́n wà ní ipò Lieutenant. Nígbà tí ìwé náà jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1849, ìtàn ènìyàn tí ó súnmọ́ 5,000 ni ó wà nínú rẹ̀.

Báwo ni ẹni tí kò bá wọn wọ ọkọ̀ ṣe lè mọ ohun tí wọ́n ṣe lójú òkun? Ọ̀nà méjì ni ó gbà. Èkínní, ó kọ̀wé sí àwọn ọ̀gágun náà, ó bẹ̀ wọ́n pé kí olúkúlùkù wọn sọ iṣẹ́ tí ó ti ṣe. Èkejì, àwọn aláṣẹ ogun ojú omi ràn án lọ́wọ́ láti mọ ohun tí ó wà nínú ìwé ìjọba. Ohun tí ẹni náà sọ nípa ara rẹ̀ àti ohun tí ìjọba kọ nípa rẹ̀ wá di ẹlẹ́rìí méjì tí a lè fi wé ara wọn.

Ó yẹ kí a ro bí ọ̀ràn náà ti rí fún àwọn tí a kọ̀wé sí. Láti ìgbà tí ogun Napoleon ti parí ní ọdún 1815, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀gágun wọ̀nyí ni kò ní ọkọ̀ tí wọn yóò wọ̀ mọ́. Ìdajì owó iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń gbà nílé, wọ́n sì ń retí ọjọ́ tí a óò tún rántí wọn. Ìwé tí yóò sọ iṣẹ́ wọn fún gbogbo ayé kì í ṣe ohun kékeré lójú wọn. Ẹni tí ebi ipò bá sì ń pa, ó rọrùn fún un láti sọ eku di ẹmọ́.

Kí ni ó lè dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró? Ìwé ìjọba lè ṣe díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tí ó lágbára jù ú lọ: àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ka ìwé náà. Ẹni tí ó bá wí pé òun ni òun kọ́kọ́ fò sínú ọkọ̀ ọ̀tá, ó mọ̀ pé àwọn tí wọ́n jọ fò wà láàyè, orúkọ tiwọn náà sì wà nínú ìwé kan náà. Bí a bá kó àwọn alábàáṣe jọ sínú ìwé kan, olúkúlùkù wọn ti di olùṣọ́ ẹnu ẹnì kejì rẹ̀. Òwe wa sọ pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n la fi ń ṣọgbọ́n, ìmọ̀ ẹnì kan kò jọ bọ̀rọ̀.

II. Gbólóhùn Kan àti Àwọn Tí Ó Yẹ Ẹ́ Wò

Nísinsìnyí, ká ní àwa ni a fẹ́ kọ ìtàn Leeke, tí a sì kọ gbólóhùn yìí sílẹ̀: “Ní ọdún 1822 Leeke, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Myrmidon, mú ọkọ̀ ẹrú kan nítòsí Èkó, ó sì dá ẹrú 187 sílẹ̀.” Gbólóhùn náà mọ́, ó sì dùn ún kà. Ọ̀pọ̀ ìwé ni kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí a tó tẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbé e fún àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀.

Ọ̀gágun ẹgbẹ́ rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ kà á. Òun yóò wí pé: “Myrmidon nìkan kọ́ ni ó wà níbẹ̀. Ọkọ̀ Iphigenia wà pẹ̀lú rẹ̀, Sir Robert Mends sì ni ó wà nínú rẹ̀, ẹni tí í ṣe olórí gbogbo ọkọ̀ ogun wa ní etí òkun náà.” Òtítọ́ ni. Kò dín ọlá Leeke kù rárá. Ó kàn fi í sí ààyè rẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àṣẹ. Ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì tún bèèrè ọjọ́ náà lọ́wọ́ wa, nítorí ọdún nìkan kò tó fún atukọ̀, ẹni tí í máa kọ ìṣe ojoojúmọ́ sínú ìwé ìrìnàjò ọkọ̀. Ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ni.

Ẹnì kejì tí yóò kà á ni ẹni tí ó mọ òfin. Òun yóò fi ìka sí ọ̀rọ̀ náà, “ó dá wọn sílẹ̀,” yóò sì wí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ ogun a máa mú ọkọ̀ ni. Ilé ẹjọ́ ni í dá ẹrú sílẹ̀. Ọkọ̀ tí a mú yìí, Esperança Feliz, ti àwọn Potogí ni. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni Ìrètí Aláyọ̀, orúkọ tí ó yà wá lẹ́nu fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin de òwò ẹrú láàárín àwọn ènìyàn tirẹ̀ ní ọdún 1807, ṣùgbọ́n kò lè fi òfin tirẹ̀ de ọmọ ilẹ̀ ẹlòmíràn. Nípa àdéhùn ọdún 1815 ni àwọn Potogí gbà pé àwọn kì yóò ra ẹrú mọ́ ní ìhà àríwá ìlà tí ó pín ayé sí méjì. Ní ìhà gúúsù, wọ́n ṣì ń rà á. Àdéhùn ọdún 1817 ni ó fún ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní àṣẹ láti yẹ ọkọ̀ wọn wò, tí ó sì pàṣẹ pé kí adájọ́ ìhà méjèèjì jọ jókòó lórí ọ̀ràn náà. Ní Freetown, ní ilẹ̀ Sàró, ni ọ̀kan nínú ilé ẹjọ́ wọ̀nyí wà. Èkó wà ní ìhà àríwá ìlà náà. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọkọ̀ náà fi bọ́ sábẹ́ òfin. Bí ó bá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ìlà ni ó ti kó ẹrú rẹ̀, ọ̀ràn náà ìbá rí bákan mìíràn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹkún kan náà ni àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ìbá máa sun.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì a máa san ẹ̀bùn owó fún àwọn ọmọ ogun ojú omi lórí ẹni kọ̀ọ̀kan tí ilé ẹjọ́ bá dá sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí wọ́n mú. Iye orí ènìyàn jẹ́ ohun tí ìwé ìjọba kò gbọ́dọ̀ ṣì kọ. Nítorí náà, nígbà tí a bá rí 187 nínú ìwé, ẹ jẹ́ kí a rántí pé ìdí méjì ni ó lè mú kí a ka ènìyàn: nítorí pé wọ́n jẹ́ ènìyàn, tàbí nítorí pé owó wà lórí wọn.

III. Ọmọ Tí Ó Wà Nínú Ọkọ̀

Ẹnì kẹta tí ó yẹ kí ó ka gbólóhùn wa ni Àjàyí. Ìwé tí ó kọ ní Fourah Bay ní ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 1837 sí Alúfàá William Jowett, akọ̀wé ẹgbẹ́ C.M.S., ni a ti mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. A ti kó o lẹ́rú ní ìlú Òṣoogùn ní ọdún 1821, a tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Ní òru ni a fi ọkọ̀ kékeré kó wọn láti Èkó lọ sí etí òkun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ni a kó wọn sínú ọkọ̀ ńlá. Iṣẹ́ kíkó wọn wọlé dí àwọn atukọ̀ lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fi fún wọn ní oúnjẹ òwúrọ̀ tàbí ti alẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ọkọ̀ ogun méjì yọ sí wọn.

Àwa tí ń ka ìtàn lónìí a máa rò pé ayọ̀ ńlá ni ó ṣẹlẹ̀ ní wákàtí náà. Àjàyí kò wí bẹ́ẹ̀. Ó wí pé nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn bá ara àwọn lọ́wọ́ aṣẹ́gun tuntun tí wọ́n mú idà gígùn lọ́wọ́, ẹ̀rù wọn sì ba àwọn gidigidi. A mú òun àti àwọn ọmọkùnrin mìíràn, gbogbo wọn jẹ́ mẹ́fà, lọ sínú Myrmidon. Níbẹ̀ ni wọ́n rí ẹran funfun kan tí a so rọ̀, àti àwọn ohun róbótó dúdú tí a tò sí ilẹ̀ ọkọ̀. Wọ́n rò pé ara ènìyàn ni ẹran náà, àti pé orí ènìyàn ni àwọn ohun dúdú náà, tí a ti pa jẹ. Àjàyí kò dákẹ́ sí ibi tí ẹ̀rù fi í sí. Ó súnmọ́ ẹran náà, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì rí i pé pátákò ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ó súnmọ́ àwọn ohun dúdú náà, ó sì rí i pé irin ni, ọta ìbọn ńlá inú ọkọ̀. Ní ilẹ̀ rẹ̀, iná ni a fi ń wi irun ara ẹlẹ́dẹ̀, awọ rẹ̀ kì í sì í funfun bẹ́ẹ̀.

A bẹ ònkàwé wa kí ó dúró díẹ̀ níbí yìí. Ohun tí ọmọ yìí ṣe nínú Myrmidon ni gbogbo ẹni tí ń kọ ìtàn gbọ́dọ̀ kọ́. Ó gba ohun kan gbọ́, ó súnmọ́ ọn, ó wò ó dáadáa, ó sì yí ìgbàgbọ́ rẹ̀ padà. Nígbà tí ó sì di ọkùnrin, kò fi àṣìṣe rẹ̀ pamọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo ayé lè kà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò fi ìwà rẹ̀ pamọ́: ó jẹ́wọ́ pé nígbà tí a mú Potogí olówó wọn wọ inú ọkọ̀ ogun nínú ìdè, òun lu ọkùnrin náà lórí bí ó ti dúró ti ọmọ rẹ̀, ó sì pe ohun tí ó ṣe yìí ní ìwà búburú. Ẹlẹ́rìí tí ó lè jẹ́rìí lòdì sí ara rẹ̀ báyìí, ó tọ́ kí a gbọ́ ọ nígbà tí ó bá ń jẹ́rìí nípa ẹlòmíràn.

Kí ni ẹlẹ́rìí yìí wá fi kún gbólóhùn wa? Ohun mẹ́ta ni. Èkínní, ìdáǹdè náà kò parí ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin. Myrmidon kò tí ì parí iṣẹ́ rẹ̀ ní etí òkun, ó sì ń kiri. Ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ni àwọn ọmọ náà tó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Sàró; ọjọ́ 71 ni wọ́n lò lójú omi. Èkejì, gbogbo ẹni tí a gbà kọ́ ni ó gúnlẹ̀. Ìjì rì ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tí a fi ń kó àwọn tí a gbà lọ sí Sàró ní àkókò náà. Àwọn tí a kó sínú rẹ̀ ṣègbé, díẹ̀ nínú àwọn atukọ̀ nìkan ni a rí lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, tí wọ́n ti gbẹ bí egungun. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé Leeke ni ó dá ìjì náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn tí ó ka àwọn tí a gbà, tí kò sì mẹ́nu kan àwọn tí omi gbé lọ, ìtàn náà kò pé.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó dùn wá jù. Nígbà tí a ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ náà láti abúlé Bathurst kí wọ́n wá jẹ́rìí ní Freetown lòdì sí olówó wọn, ẹnì kan ti sọ fún wọn pé ńṣe ni a fẹ́ fi wọ́n lé e lọ́wọ́ padà. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀; wọ́n ní àfi bí a bá gbé wọn ni àwọn yóò lọ. Àjàyí rántí orí olówó tí ó lù, àyà rẹ̀ sì já. Ẹ wo bí ó ti rí: ilé ẹjọ́ ti ṣí, òmìnira wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí a dá sílẹ̀ kò tí ì mọ̀ dájú pé a ti dá òun sílẹ̀.

IV. Gbólóhùn Tí A Tún Ṣe

Ní báyìí, a lè tún gbólóhùn wa kọ. “Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, Leeke, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Myrmidon, pẹ̀lú ọkọ̀ Iphigenia ti Sir Robert Mends, mú Esperança Feliz, ọkọ̀ àwọn Potogí, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ẹrú 187 ní Èkó lòdì sí àdéhùn. A mú ọ̀ràn náà lọ sí ilé ẹjọ́ ní Freetown. Lára àwọn tí a gbà ni Àjàyí, ọmọ Òṣoogùn, tí ó gúnlẹ̀ sí Sàró ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà. Ìjì rì ọkọ̀ kan nínú àwọn tí ń kó àwọn tí a gbà lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú sínú omi.” Ó gùn ju ti ìṣáájú lọ, kò sì dùn ní etí tó o. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kà á yóò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Bóyá ẹnì kan yóò bi wá pé: bí gbogbo ènìyàn bá ń tún ìtàn ṣe, ta ni yóò wá kọ ọ́ parí? A dáhùn pé gbogbo ẹnu kò dọ́gba lórí gbogbo ọ̀rọ̀. Lórí ọjọ́ àti ibi tí ọkọ̀ wà, ìwé ìrìnàjò ọkọ̀ tí a kọ lójú ẹsẹ̀ dára ju ìrántí ọmọdé tí a kọ lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lórí bí ó ti rí láti wà nínú ọkọ̀ náà, kò sí ìwé ìjọba tí ó lè bá ọmọ náà dù ú. Ẹni tí ń kọ̀wé ni yóò di kálámù mú. Tirẹ̀ ni láti mọ ẹni tí ó rí, ẹni tí ó gbọ́, àti ẹni tí ó kàn rò.

Iṣẹ́ yìí kì í sì í tán. Nígbà tí O'Byrne tẹ ìwé rẹ̀ ní ọdún 1849, ó kù ohun púpọ̀ tí Leeke yóò ṣe. Òun ni olórí ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Íńdíà láti ọdún 1852 títí di 1857. Òun ni ó darí àwọn ọkọ̀ tí ó kọlu Bushire ní ilẹ̀ Páṣíà ní oṣù kejìlá ọdún 1856. Ó sì jókòó ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fún ìlú Dover láti ọdún 1859 títí di 1865. O'Byrne mọ̀ pé ìwé òun ń gbó. Ní ọdún 1859 ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ lọ́tun. Ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ kò tó, iṣẹ́ náà sì dúró nígbà tí ó dé lẹ́tà G. Orúkọ Leeke kò sí lára àwọn tí a tún ìtàn wọn ṣe. Ìwé tí a kò tún ṣe a máa dúró sí ibi tí ayé ti ṣí kúrò.

Àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́n nínú èyí. Nígbà tí George Smith àti Leslie Stephen bẹ̀rẹ̀ ìwé ìtàn ìgbésí-ayé àwọn ènìyàn pàtàkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1882, wọn a máa tẹ àwọn orúkọ tí wọ́n fẹ́ kọ jáde nínú ìwé ìròyìn, kí àwọn ònkàwé lè sọ ohun tí ó kù tàbí ohun tí ó ṣì. John Knox Laughton, olùkọ́ ìtàn ogun ojú omi, ni ó kọ èyí tí ó ju 900 lọ nínú ìtàn àwọn ọ̀gágun ojú omi inú rẹ̀. Apá 63 ni ìwé náà, láti ọdún 1885 títí di 1900. Ní ọdún 1904 àwọn tí ó kọ ọ́ tẹ ìwé mìíràn, èyí tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó ka àṣìṣe tí ó wà nínú ti àkọ́kọ́ lọ. A kò rò pé ìtìjú ni èyí jẹ́ fún wọn, ògo ni. Ní ọdún 2004, a tún gbogbo rẹ̀ kọ lọ́tun ní apá 60.

V. Ọ̀rọ̀ fún Àwa Náà

Ẹ jẹ́ kí a wá bi ara wa léèrè bí a ti ń kọ ìtàn àwọn àgbà tiwa. Bí bàbá kan bá kú, àwọn ọmọ a kọ ìtàn rẹ̀, àwọn ọmọ náà ni yóò kà á, àwọn ọmọ náà ni yóò sì yìn ín. A ó ka oyè tí ó jẹ, ilé tí ó kọ́, àti iye ọmọ tí ó fi sílẹ̀. Ta ni ó bi àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀? Ta ni ó bi ìyàwó tí ó kọ̀ sílẹ̀, tàbí aládùúgbò tí ó bá a du ilẹ̀? Ta ni ó gbé ìwé náà lọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé? Bí a kò bá ṣe èyí, orúkọ rere ni a rò pé a ń tọ́jú, ṣùgbọ́n ńṣe ni à ń jẹ́ kí òtítọ́ bá àgbà náà wọ inú ibojì. Ọmọ ọmọ wa tí yóò bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí ó jẹ́ kò ní rí ohun kan ju ìyìn lọ.

Crowther fúnra rẹ̀ fi ọ̀nà hàn wá. Ẹni tí ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1843, kò sọ pé òun nìkan ni ó mọ̀ ọ́n kọ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1875, nígbà tí ó ti di Bíṣọ́ọ̀bù, ó jókòó ní Èkó pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti ṣe àtúnṣe sí ọ̀nà tí a ń gbà kọ èdè wa.

Ohun kan tí ó kù ní ìtàn Leeke ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, nínú ilé Ọlọ́run ńlá ní Canterbury. Ní ọjọ́ náà ni a fi Àjàyí Crowther jẹ Bíṣọ́ọ̀bù. Láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó péjọ ni ọ̀gágun àgbà kan wà, Sir Henry Leeke, tí ó wá wo ọmọ tí ó wọ ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rù ní ọdún méjìlélógójì sẹ́yìn. Ní ọdún 1870 ni Leeke kú. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì kò gbọ́dọ̀ ṣe é láìbi ẹnì kejì.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìtàn ìlú yín, tàbí ti ìjọ yín, tàbí ti bàbá yín, ẹ má ṣe yára lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Ẹ gbé ìwé yín fún ẹni tí ó bá a ṣiṣẹ́, àti fún ẹni tí ó sìn ín, àti fún ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ gba ohun tí wọ́n bá sọ, ẹ wọ̀n ọ́n wò, kí ẹ sì tún un kọ. Bí ó bá dùn yín láti pa gbólóhùn dídára kan rẹ́, ẹ rántí ọmọ mẹ́fà inú Myrmidon, àti èyí tí ó súnmọ́ ohun tí ń bà á lẹ́rù láti wò ó dáadáa.